Ibi tí mo ń mú Màámi lọ fọ eyín l'Óṣogbo: wọ́n mọṣẹ́, àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí wọ́n tún ṣe

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tẹ́ ẹ ní ìyá tàbí bàbá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ilé ìtọ́jú eyín aládàáni kan wà lápá Ògo-Olúwa níbí, ibẹ̀ ni mo ti ń mú Màámi lọ láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, mo sì fẹ́ sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí, tibi-tire ẹ̀. Mi ò ní kọ orúkọ wọn síbí torí àwọn nǹkan kan wà tí inú mi ò dùn sí lọ́dọ̀ wọn, mi ò sì fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́, ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kẹ́ ẹ mọ nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò níbikíbi tẹ́ ẹ bá gbé àgbà yín lọ.

Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n ní ìtọ̀ súgà, wọ́n ní bípí, wọ́n sì ń lo eyín àtọwọ́dá lókè. Ó ti pẹ́ tí èrìgì wọn ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n á rún orín láàárọ̀, wọ́n á tutọ́, itọ́ á pọ́n, tá a bá ní kí ló dé wọ́n á ní kò sí nǹkan kan jàre, àgbà ló dé. Lẹ́yìn náà ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, méjì nínú eyín ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, wọ́n wá ń yọ ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo fáwọn ọmọdé. Ibi tá a kọ́kọ́ gbé wọn lọ, ọkùnrin tá a bá níbẹ̀ ò tiẹ̀ tan iná wo ẹnu wọn dáadáa, ó fọwọ́ mi eyín yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó ní ká yọ méjèèjì ká lọ sinmi, ó ní kí la tún ń fi eyín ṣe lọ́jọ́ orí wọn. Ojú Màámi ló ti sọ ọ́ o! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ẹni tó jẹ́ pé ẹnu ẹ̀ ló fi ń gbàdúrà fún gbogbo wa láràárọ̀, tó ṣì ń fẹ́ jẹ ẹ̀gúsí pẹ̀lú pọ̀nmọ́, wọ́n ní kí ló fẹ́ feyín ṣe. A dìde níbẹ̀, a ò yọ ọ̀kankan.

Nǹkan tí mo wá fẹ́ràn nínú ibi Ògo-Olúwa yìí ni pé wọn ò sáré mú ẹ̀mú. Dókítà obìnrin ló rí wọn, ó kéré lójú àmọ́ iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ káàárọ̀ mà, Màmá mi, ṣé dáadáa lẹ jí?" kó tó wọ ìbọ̀wọ́ rárá, Màámi náà ní "Dáadáa ni, ọmọ mi, Olúwa á dá ẹ sí", ara wọn sì balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ká kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò jáde. Mo da náílọ́ọ̀nù oògùn sórí tábìlì, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ara páálí wọn. Ó béèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó ní òun gbọ́dọ̀ mọ̀ kóun tó fọwọ́ kan èrìgì. Ó béèrè iye tí súgà wọn jẹ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Nígbà tó kan amlodipine tí wọ́n ń lò fún bípí, ó ní oògùn gidi ni, kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn o, àmọ́ lára àwọn kan tó ń lò ó, èrìgì máa ń wú, á wá máa hù bo eyín, pàápàá tí ẹnu ò bá mọ́ tónítóní. Ó tún ní ọ̀pọ̀ oògùn àwọn àgbà ló máa ń jẹ́ kí ẹnu gbẹ, itọ́ sì ni Ọlọ́run fi ń bá wa ṣan ẹnu látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí itọ́ bá ti dín kù, ìdọ̀tí á rí ibi jókòó sí. Ó ní kí wọ́n máa mu omi ní díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n yé lá tọ́ọ̀mù-tọ́ọ̀mù nítorí pé ẹnu gbẹ. Ṣé ẹ rí gbogbo ìyẹn? Kò tíì ní kí wọ́n lanu o.

Nígbà tí wọ́n wá lanu, ó mú irin tín-ín-rín kan tí wọ́n fàlà nọ́ńbà sí lára, ó ń rọra tì í bọ àárín eyín àti èrìgì, eyín kan tẹ̀ lé èkejì, ó ń pe nọ́ńbà, nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ sílẹ̀: méjì, mẹ́ta, mẹ́ta, márùn-ún, mẹ́fà. Mo béèrè kí ló ń kà. Ó ní mìlímítà ni. Èrìgì tí ara ẹ̀ dá, 1 sí 3 ni irin yẹn máa wọlé mọ, tó bá ti di 4 lọ sókè, èrìgì ti ń já kúrò lára eyín nìyẹn, àpò ti wà níbẹ̀, ìdọ̀tí á máa wọnú àpò yẹn, búrọ́ọ̀ṣì ò ní débẹ̀, orín ò ní débẹ̀. Ó wá gbé dígí lé Màámi lọ́wọ́, ó tan iná sí wọn lẹ́nu, ó ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀. Nǹkan líle kan ti dì síbẹ̀ gbagidi, bí èyí tó máa ń dì sí ìdí kẹ́tùrù tá a ti fi ń se omi kànga fún ọdún mélòó kan. Màámi ní "Ẹnu tèmi nìyí?" Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni mà, kì í ṣe tiyín nìkan, ibẹ̀ gan-an ni itọ́ ti ń sun jáde lábẹ́ ahọ́n, nǹkan tó wà nínú itọ́ ló ń pàdé ìdọ̀tí tá ò fọ̀ kúrò, á wá dì, tó bá sì ti dì tán, kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè yọ ọ́ mọ́, àfi irin oníṣẹ́.

Àlàyé tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ó wù mí kí gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ó ní ọjọ́ orí kọ́ ló ń yọ eyín. Àìsàn ló ń yọ ọ́. Kòkòrò tí ojú ò lè rí ló wà nínú ìdọ̀tí tó rọ̀ yẹn, tó bá pẹ́ lẹ́bàá èrìgì, èrìgì á pọ́n, á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, títí dé ibi yìí èèyàn ṣì lè tún un ṣe kó padà sí bó ṣe wà. Àmọ́ tá a bá pa á tì, á wọ abẹ́ èrìgì, egungun tó di eyín mú á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lọ díẹ̀díẹ̀, egungun yẹn kì í sì í dédé padà wá, ìyẹn ló ń jẹ́ kí eyín máa mì, tá a fi máa ń rò pé àgbà ló dé. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé kì í sábà dunni. Kòkòrò tó gbẹ́ ihò sí eyín, á jẹ́ kó o pariwo lóru, àìsàn èrìgì ní tiẹ̀, yóò máa jẹ inú lọ jẹ́jẹ́ ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kọ ọ́ sínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2022 pé irú èyí tó le gan-an ń bá èèyàn tó lé ní bílíọ̀nù 1 jà lágbàáyé, nǹkan bí 19 nínú 100 àwọn tó ti kúrò lọ́mọdé. Ẹ ò wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ́ra Màmá kan tàbí Bàbá kan.

Ọ̀rọ̀ súgà ló gbà mí láfiyèsí jù torí a ti ń bá súgà Màámi fà á ó ti pẹ́. Dókítà ní àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti ṣe ibi ni: súgà tó ga kì í jẹ́ kí èrìgì ríbi san, èrìgì tó ń ṣàìsàn náà kì í jẹ́ kí súgà wálẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀ dáadáa, pé tí wọ́n bá tọ́jú èrìgì ẹni tó ní súgà, nọ́ńbà àyẹ̀wò tó ń fi bí súgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta hàn máa ń wálẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe pé kéèyàn wá da oògùn nù o, àmọ́ ó ń ṣèrànwọ́. Gbogbo kílíníìkì súgà tá a ti ń lọ láti ọjọ́ yìí, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń wò, ojú ni wọ́n máa ń wò, kò sẹ́nì kankan tó ní kí Màámi lanu rí. Ó yẹ kí wọ́n máa wò ó.

Fífọ yẹn fúnra ẹ̀, wọ́n pín in ni, wọ́n ṣe apá kan lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ká padà wá fún ìyókù, torí àgbà ò lè lanu sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa ro wọ́n. Máṣíìnì kékeré kan ló ń gbọ̀n rìrì tó ń tú omi, nọ́ọ̀sì ń fi rọ́bà fa omi yẹn jáde lẹ́nu wọn. Níbi tí àpò ti jìn, wọ́n fún wọn lábẹ́rẹ́ tó pa ojú ibẹ̀ kú, wọ́n fi irin ọwọ́ ha abẹ́ èrìgì níbẹ̀. Dókítà sọ fún Màámi kó tó bẹ̀rẹ̀ pé tó bá dùn wọ́n kí wọ́n kàn na ọwọ́ òsì sókè, òun á dúró, ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì nawọ́, ó dúró lóòótọ́, kò bínú, kò ní "ẹ mú un mọ́ra". Mo gbà fún un níbẹ̀.

Nígbà tá a délé ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Màámi fahọ́n tọ́ eyín wò, wọ́n ní wọ́n ti la àárín eyín àwọn, àyè ti wà níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, omi tútù ń ta wọ́n léyín, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Mo pe dókítà, ó gbé e, ó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù pẹ̀lú sùúrù, ó ní Màmá, àyè yẹn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdọ̀tí líle yẹn ló dí i pa, èrìgì tó wú náà ló bò ó, bí wíwú ẹ̀ ṣe ń lọlẹ̀ báyìí ni àyè ń hàn, títa yẹn á lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó lọ lóòótọ́. Ẹ ti sọ èyí fáwọn àgbà yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé wọn lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rò pé fífọ eyín ló ba eyín jẹ́, wọ́n á wá máa sọ ọ́ káàkiri ọjà pé kí ẹnikẹ́ni má dán an wò.

Ẹ̀rù ti ń bà mí pé wọ́n á ní kí Màámi ju orín nù, torí ìjà ńlá nìyẹn ì bá jẹ́. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Orín ata ni Màámi máa ń rún, dókítà ní kò burú, kí wọ́n ṣáà máa rún un títí tó fi máa rọ̀ bíi búrọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fi fọ ẹ̀yìn eyín náà, kì í ṣe iwájú tó ń hàn nìkan, kí wọ́n má fi ẹnu ẹ̀ tó le gún èrìgì. Àmọ́ lálẹ́ kí wọ́n tó sùn, búrọ́ọ̀ṣì ni o, pẹ̀lú pésìtì tó ní fluoride, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo eyín, wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n ẹ̀ sára páálí, kó wà láàárín 1000 sí 1500 ppm. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ soft. Èyí tó pọ̀ lọ́jà wa níbí medium àti hard ni, àwọn èèyàn rò pé èyí tó le ló ń fọ̀ dáadáa, irọ́ ni, èrìgì ló ń họ. Kí wọ́n gbé e ní ìdagẹ̀rẹ̀ sí ojú ibi tí èrìgì ti pàdé eyín, kí wọ́n máa yí i jẹ́jẹ́, fún bí ìṣẹ́jú 2, tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde kí wọ́n má torí ẹ̀ dáwọ́ dúró, torí ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ló ń fẹ́ fífọ. Ọwọ́ Màámi máa ń ro wọ́n níbi oríkèé, wọn kì í lè di nǹkan tín-ín-rín mú, dókítà ní ká fi fóòmù wé ìdí búrọ́ọ̀ṣì yẹn kó nípọn. Nǹkan kékeré, àmọ́ òun gan-an ló jẹ́ kí wọ́n lè máa fọ̀ ọ́ fúnra wọn, mi ò sì ní láti máa dúró tì wọ́n bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ iléèwé.

Eyín àtọwọ́dá yẹn wá ńkọ́. Màámi máa ń fi sùn. Iyọ̀ ni wọ́n tún fi ń fọ̀ ọ́, nígbà mìíràn omi gbígbóná. Dókítà bọ́ ọ wò, òkè ẹnu wọn ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú lábẹ́ ẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa bọ́ ọ lálálẹ́, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀tọ̀ àti ọṣẹ tí ò le fọ̀ ọ́, kí wọ́n rì í sínú omi tútù mọ́jú, omi gbígbóná á ká a kò, kò ní bá ẹnu mu mọ́. Ó ní ẹnu náà gbọ́dọ̀ sinmi bí ẹsẹ̀ ṣe ń sinmi lára bàtà. Màámi kọ́kọ́ ń jiyàn, wọ́n ní tí àlejò bá wá lóru ńkọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín níbẹ̀, àwọn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti ń bọ́ ọ báyìí.

Bàbá àgbàlagbà kan tá a jọ jókòó de dókítà lọ́jọ́ kan, àánú wọn ṣe mí. Eyín ń dùn wọ́n, ẹnì kan ní kí wọ́n fi òwú ki omi bátìrì sí i, ó ti bó gbogbo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, kò sì wo eyín yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, omi bátìrì, pẹtiróò, áásà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ èrìgì, kò sí èyí tó ń wo eyín nínú wọn. Áásà àti sìgá tiẹ̀ burú ní tiwọn, dókítà ní wọ́n ń jẹ́ kí àìsàn èrìgì yára, sìgá sì tún máa ń jẹ́ kí èrìgì má ṣẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ kó ṣẹ̀, oníǹkan á wá rò pé ẹnu òun dá ṣáká.

Ó yá, ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé ìtọ́jú náà wà. Ilé tó jẹ́ pé àwọn arúgbó ló ń wá síbẹ̀ jù, ẹ wá gbé e sókè, àtẹ̀gùn ọ̀hún ga, kò sí irin ìdìmú lápá kan, orúnkún Màámi ò dáa, mo ní láti máa tì wọ́n lẹ́yìn ni. Mo béèrè bóyá wọ́n lè máa kọ́kọ́ wo àwọn àgbà ní yàrá kékeré tó wà nísàlẹ̀, wọ́n ní àwọn á rò ó, wọn ò tíì rò ó tán. Èkejì, wọ́n á ní kó o dé ní aago mẹ́sàn-án, wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ títí mẹ́wàá á fi kọjá, ẹni tó ní súgà ò sì lè jókòó bẹ́ẹ̀ láìjẹun. Ọmọbìnrin tó ń gba káàdì níwájú, tí kì í kí èèyàn, tó ń pariwo "Mama, next!" mọ́ àgbà lórí, ó yẹ kí ẹnì kan bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ fún dókítà, ó bẹ̀bẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n bá a wí. NEPA tún gbé iná níjọ́ kan tí irin ń bẹ lẹ́nu Màámi, ó pẹ́ kí wọ́n tó rí jẹnẹrétọ̀ fà, Màámi lanu sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ibi tí wọ́n ti ń gbowó báyìí, ó yẹ kí wọ́n ní inverter.

Owó ẹ̀ nígbà tá a lọ, káàdì jẹ́ ₦3,000, fífọ náà jẹ́ ₦20,000, ibi tí wọ́n ti ha abẹ́ èrìgì, owó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, mi ò ní parọ́. Àmọ́ mo ti ṣírò iye tí wọ́n máa gbà láti yọ eyín méjì yẹn kí wọ́n tún ṣe àtọwọ́dá dípò ẹ̀, ìyẹn pọ̀ ju owó fífọ yìí lọ fíìfíì. Ẹni tí agbára ẹ̀ ò bá ká ti aládàáni, ẹ̀ka eyín wà ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ibẹ̀ náà ni dókítà sọ pé òun á kọ ìwé gbé wa lọ tí eyín kan nínú méjèèjì ò bá dúró.

Ọ̀kan ti dúró. Èkejì ṣì ń mì díẹ̀, dókítà ò tíì ṣèlérí kankan lórí ẹ̀, ó ní ká máa wò ó, mo sì fẹ́ràn pé kò parọ́ fún wa. Ẹ̀jẹ̀ ti dá, ẹnu ò rùn mọ́. Nọ́ńbà mẹ́fà ìjọ́sí, nígbà tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n, ó ti di mẹ́rin. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ní ká máa wá nítorí súgà yẹn.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ máa lọ, tàbí ibòmíràn, ẹ jẹ́ kí àgbà yín jẹun àárọ̀, kí wọ́n lo oògùn wọn kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ kó gbogbo oògùn yẹn sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ mú ìwé súgà wọn dání. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ wo ẹnu wọn fi irin tín-ín-rín yẹn wọn bí àpò èrìgì ṣe jìn tó. Tó bá jẹ́ pé ó kàn fọwọ́ mi eyín, tó sì ti ń wá ẹ̀mú, ẹ dìde kẹ́ ẹ máa lọ.